Káàṣì Orí Òkè Ẹyẹlé

Ní Kambolé, ìlú wa ní Tógò, lónìí, bí obìnrin méjì bá ń jà lọ́jà tí ọ̀rọ̀ sì dé góńgó, ọ̀kan nínú wọn á ní, “Lọ jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ tí ọkọ ẹ ń gòkè!” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Àlejò kò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ ọ́n, torí pé lẹ́yìn ògiri ilé mi ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Wàsílátù tó ni ọ̀rọ̀ wà lára àwọn obìnrin tí mo ń kọ́ ní ilé kéwú.

Èlùbọ́ ni Wàsílátù ń tà. Bí iṣu bá pọ̀ lóko tí iye rẹ̀ sì wálẹ̀, á rà á jọ, á bọ̀ ọ́, á sá a sórí àpáta títí á fi gbẹ kankan, á wá dì í sápò, á gbé e kọjá bodè lọ sí àwọn ọjà tí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà máa ń wá. Obìnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bí èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan fún un lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́.” Kì í sì í gbàgbé nǹkan.

Ohun kan wà tí kò gbàgbé láti kékeré. Bago, ìlú kan nítòsí wa, ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ti oko dé, ó bá obìnrin àjèjì kan lórí ẹní rẹ̀, tó ń fi abọ́ rẹ̀ jẹun. Ìyàwó tuntun ni. Gbogbo ọjà ti mọ̀, ìyá Wàsílátù nìkan ni kò mọ̀. Ó sọ ẹrù igi kalẹ̀, ó bu omi fún àlejò. Wàsílátù ń wo bí omi ṣe ń dà sílẹ̀ láti inú igbá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti Mùízù, ó la ẹnu lójú ẹbí méjèèjì.

“Mi ò ní kí ẹ má fẹ́ ẹlòmíràn,” ó sọ fún Mùízù. “Ẹ̀sìn gbà yín láàyè. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni kí n ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbòmíràn, Bago ni ọ̀nà mi.”

Mùízù ní òun gbà. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wàsílátù kò rẹ́rìn-ín.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Mùízù. Iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ló kọ́ ní Sokodé, ó sì ṣe é níbẹ̀ pẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó kú, tó fi padà wálé wá mójú tó oko iṣu. Ó ní àtẹ́líè kékeré kan létí ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin, fèrèsé, àti irin tí àwọn èèyàn fi ń gbẹ́rù sẹ́yìn alùpùpù. Ó lè jókòó láti àárọ̀ kó má sọ ju “hẹn-ẹ́n” lọ. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù láti bá a ro èrò rẹ̀.

Ara èèmọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Mùízù ní òun ń lọ sóko. Nígbà tó dé, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ títí dé orúnkún. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí ni oko wọn, kò sí koríko níbẹ̀ débi tí èèmọ́ á fi wà. Ọkọ́ rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tó gbé e kọ́ sí láti àná. Wàsílátù mú ṣòkòtò náà, ó jókòó, ó ń ṣa èèmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Mùízù tún lọ, èèmọ́ náà tún bá a wálé.

Lẹ́yìn náà ló rí ìrẹsì. Ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì tí wọn ò sè, tí wọ́n dì sínú àkísà funfun, nínú àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Pẹ́ńsù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó gba orí ògiri pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ní í di ìrẹsì tí wọn ò sè sápò lọ sóko?”

“Bóyá ẹyẹ ló fẹ́ fún.”

“Ẹyẹ wo? Ẹyẹ tó ń kọ̀wé?”

Kí n sọ òótọ́, ibi oògùn ni ọkàn tèmi kọ́kọ́ lọ. A kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń kírun pẹ̀lú wa tí ẹsẹ̀ wọn sì mọ ọ̀nà ibòmíràn. Mo ní kí ó máa ro rere sí ọkọ rẹ̀. Ìfurasí a máa di ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó di ìrẹsì náà padà bó ṣe wà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni. Wàsílátù ń da ilá sínú ọbẹ̀. Mùízù dúró sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń fi pọ́tábù, fóònù ọwọ́ rẹ̀, bá Àyàndélé sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Sokodé. Yorùbá díẹ̀, Faransé díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wàsílátù kò fetí sí i, àfi ìgbà tó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní:

“Káàṣì náà wà lórí òkè, nǹkan kan ò ṣe é... Rárá o, ìyàwó mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí... Ó dáa. Sọ fún Sárà pé mo ń retí ẹ̀ ní Àbámẹ́ta.”

Ẹni tó bá ń ná ọjà òdìkejì bodè mọ ohun tó ń jẹ́ káàṣì. Bí èèyàn bá gbé èlùbọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi oníbàárà nìyí: “Àwìn ni àbí káàṣì?” Owó lójú ẹsẹ̀ ni káàṣì. Owó tó ń dún lọ́wọ́. Wàsílátù fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná láìjinná, ó wọlé tọ̀ mí wá, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Káàṣì, ẹ̀gbọ́n! Ó ń sọ fún mi pé irin ti wọ́n, pé kí n fi owó èlùbọ́ ra ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fún Fàdílà ọmọ wa. Mo rà á. Òun wá ń kó káàṣì pamọ́ sórí òkè, obìnrin kan sì ń bọ̀ wá wò ó. Sárà.”

“Orúkọ Kìrìsìtẹ́nì nìyẹn,” mo ní.

“Ṣé ìyẹn ló máa wá tù mí nínú?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbìyànjú lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá Hàjàrá ti dàgbà, etí rẹ̀ ti wúwo. Wàsílátù kúnlẹ̀ kí i tán, ó wá rọra bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ mọ Sárà tí Bàbá Fàdílà ń sọ?”

“Sàárà?” Màmá tan ojú sí i. “Sàárà dára, ọmọ mi. Bí ó bá fẹ́ ṣe sàárà, má dí i lọ́wọ́.”

“Sárà, Ìyá. Èèyàn ni.”

“Èèyàn náà ni wọ́n ń fún. Ọlọ́run á gbà á.”

Wàsílátù dìde. Ó wá bá mi, ó ní kí n bá òun ṣe àdúrà ìtọ́sọ́nà, èyí tí èèyàn máa ń ṣe kó tó sùn, kí Ọlọ́run lè fi ọ̀nà hàn án. Mo ṣe é. Mo sùn bí òkúta, ilẹ̀ mọ́, mi ò lálàá kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní àdúrà yẹn. Ohun tí mi ò tíì sọ fún wọn ni pé nígbà mìíràn, bí mo bá tẹ́ ọwọ́, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀. Mo ṣì ń kàn án. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

“Kí lẹ rí?” Wàsílátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó bọ́jú tán.

“Mi ò rí nǹkan kan.”

“Ó dáa. Ẹ wọ bàtà, ká lọ fi ojú wò ó.”

Apá ọ̀nà Bago ni Òkè Ẹyẹlé wà, òkè kan ṣoṣo tó wà nítòsí wa. Kò ga bí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Sokodé, ṣùgbọ́n ó le, ọ̀nà rẹ̀ sì há. Ọyẹ́ ti mú, ètè wa ti là. Mùízù wà ní àtẹ́líè, a ń gbọ́ bó ṣe ń lu irin láti ìsàlẹ̀. Wàsílátù kò wo ọ̀nà, koríko ló ń wò. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ èèmọ́ dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà. Bí a ṣe ń gòkè ni mo ń rántí gbogbo ohun tí mo máa ń sọ ní ilé kéwú nípa títọpinpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò dúró.

Òkè náà jẹ́ orúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹyẹlé pọ̀ níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì ti sọ gbogbo òkúta tó wà lábẹ́ ihò àpáta di funfun. Wàsílátù dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó ń wo wọn bí ẹni tó ń ṣa èlùbọ́ tó bu kúrò nínú èyí tó dára.

“Èyí mọ́ jù,” ó ní.

Ó tẹ̀, ó fà á yọ. Kì í ṣe òkúta. Páìpù onírin tó nípọn ni, gígùn rẹ̀ bí apá ọmọdé. Wọ́n ti jó ìdí rẹ̀ pa, wọ́n sì ṣe ìdérí tó ń yí bíi ti ìgò sí orí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ àpáta kùn ún, wọ́n da iyanrìn sára ọ̀dà náà kó tó gbẹ, kó lè rí ṣákiṣàki bí òkúta. Wàsílátù fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí wọ́n ti jó o.

“Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni. Bó ṣe ń jó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nìyí.”

Ó yí ìdérí náà. Rọ́bà tí wọ́n gé láti ara táyà inú wà lábẹ́ rẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Ìrẹsì inú àkísà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pẹ́ńsù, ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan, ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé tí kò ní táyà, owó ẹyọ Gánà kan tí kò lè ra ẹ̀pà, àti ìwé kékeré nínú láílọ́ọ̀nù. Ó mi páìpù náà. Ó wo inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú kan.

“Kò sí owó níbí,” mo ní, ọkàn mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀.

“Wọ́n ti kó o.”

“Wàsílátù!”

“Ṣé ẹ rò pé ìrẹsì ló ń retí obìnrin fún? Ẹ bá mi ka ìwé yìí.”

Kéwú ni mo mọ̀ kà dáadáa, ṣùgbọ́n mo lè ka orúkọ. Orúkọ èèyàn ló kún inú rẹ̀. Mo rí Sárà. Mo tún rí Sárà. Níbi kejì, ó ti ya òdòdó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ pa ìwé náà dé, ṣùgbọ́n ojú Wàsílátù yá ju ọwọ́ mi lọ.

“Ó ya òdòdó sí i,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páìpù, ó yí ìdérí rẹ̀ dáadáa, ó fi ìró rẹ̀ wé e, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ.

Ní Jímọ̀, Mùízù gòkè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

“Kí ló ṣe yín, Bàbá Fàdílà?” Wàsílátù bi í.

“Mo sọ nǹkan nù.”

“Kí ni?”

“Nǹkan kan.”

Wàsílátù wá sọ fún mi pé, “Owó ló ń wá. Bí èèyàn ṣe máa ń wá owó ló ń wá a.” Mo gbà á gbọ́. Mùízù wá a síbí, ó wá a sọ́hùn-ún. Ó bi mí bóyá mo rí àwọn ọmọdé tó ń gòkè. Ó lọ bá àwọn ọdẹ. Nígbà tó di ìrun àsárì lọ́jọ́ náà, a gbọ́ pé ó ti dé gáà àwọn Fúlàní, pé ó ń sọ fún Àbdùlàhí kó má da màlúù gba Òkè Ẹyẹlé mọ́, nítorí àwọn kan tó ń tẹ̀ lé màlúù ní ọwọ́ gígùn. Àbdùlàhí yìí, ìyàwó rẹ̀ ni Wàsílátù máa ń ra wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní, lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn tí kì í mú koríko ẹlòmíràn láìtọrọ ni. Wọ́n ní ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní, “Mùízù, sọ orúkọ ohun tí mo jí.” Mùízù kò lè sọ ọ́.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Wàsílátù lè gbé e pamọ́ mọ́. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ jìyà, kò fẹ́ kí Àbdùlàhí jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó ní kí n wá jókòó. Màmá Hàjàrá náà wà níbẹ̀. Wàsílátù gbé abọ́ onídérí wá síwájú Mùízù bí ẹni gbé iyán. Mùízù fọwọ́, ó ní “Bìsìmílà,” ó ṣí i. Páìpù náà ló dùbúlẹ̀ nínú abọ́.

“Káàṣì rẹ nìyẹn,” Wàsílátù ní. “Wá kà á fún mi.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, “ẹ” ló ń bá a sọ. Gbogbo wa ló gbọ́ “rẹ” yẹn.

Mùízù gbé páìpù náà, ó ṣí i, ó wo ìwé, ó wo rọ́bà. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

“Káàṣì wo?”

“Mo gbọ́ ọ létí mi. O ní káàṣì wà lórí òkè, o ní mi ò mọ̀.”

“Cache,” Mùízù ní. “Faransé ni. Ohun tí wọ́n fi pamọ́. Kì í ṣe káàṣì àwọn ará Nàìjíríà.”

“Ẹnu kan náà lo fi pè é.”

“Ohun tí Ọlọ́run fún mi ni ẹnu kan.”

Màmá Hàjàrá bú sẹ́rìn-ín. Wàsílátù kò rẹ́rìn-ín. Mùízù wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, mi ò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ní Sokodé, obìnrin kan gbé agolo irin tó ti dípẹtà wá, pé kí òun bá a jó o. Òun bi í pé kí ni wọ́n fi ń ṣe. Obìnrin náà ní eré ni. Èèyàn á ṣe àpótí, á gbé e pamọ́ sórí òkè, á kọ ibi tó wà sórí ẹ́ńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wù á fi pọ́tábù wá a. Bó bá rí i, á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á mú nǹkan kékeré, á fi nǹkan kékeré rọ́pò, á dá a padà síbi tó ti rí i.

“Ó tán?” Wàsílátù bi í.

“Ó tán.”

“Kí ni wọ́n rí jẹ níbẹ̀?”

“Wọn ò rí nǹkan kan jẹ.”

“Ìrẹsì ńkọ́?”

“Ó ń fa omi mu. Bí òjò bá rọ̀, ìwé á máa tutù, mo máa ń pààrọ̀ ìrẹsì náà. Bírò bíìkì á ṣàn bó bá tutù, pẹ́ńsù kì í ṣàn. Bí wọ́n bá ń dáná sun igbó, mo gbọ́dọ̀ lọ ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọ̀dà má bàa jó.”

“Ta ni Sárà?”

“Òun ló gbé agolo wá. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló ń bọ̀. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ní Sokodé ni wọ́n ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé yẹn, kí n tó gbé e wá síbí.”

“O ò sọ ọkọ fún Àyàndélé. Sárà lo sọ.” Wàsílátù jókòó sílẹ̀ nígbà náà. “Jẹ́ ká ní òótọ́ ni. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Mùízù ń fi èékánná họ iyanrìn ara páìpù náà.

“Torí pé o ó bi mí pé kí ni èrè ẹ̀. O sì ti bi mí. Kò sí ohun tí mo jó rí tí wọn ò nájà lé lórí. Bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé, ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí pàápàá. Èyí nìkan ni ẹnì kankan ò bi mí ní iye ẹ̀.”

Wàsílátù tọ́ka sí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àpò ẹrù kan ló gbé kọ́ síbẹ̀, ó kún, wọ́n ti so ẹnu rẹ̀.

“Ọ̀la ni Àbámẹ́ta,” ó ní. “Kí Sárà wá. Bó bá bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù sémìjàn tí mo sì rí ohun tí mo rò, sémìjàn kan náà ni màá gùn lọ sí Bago. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wàá lọ bá Àbdùlàhí, lójú ìyàwó ẹ̀.”

“Mo gbà,” Mùízù ní. Bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yìgì náà nìyẹn, ohùn kan náà. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè sọ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mo ń kàwé àwọn ẹni mímọ́ láti kékeré, mi ò sì mọ ojú èèyàn kà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ń pọ́n lọ nígbà tí sémìjàn méjì ti ọ̀nà Tchamba yọ. Wàsílátù ti wé gèlè, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ lára èkínní, ó fẹsẹ̀ wọ́ lọ sídìí èkejì, ó na ọwọ́ sí obìnrin tó wà lórí rẹ̀. Irun obìnrin náà funfun bí òwú. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni, ará Sokodé, èdè Tem àti Faransé ló ń sọ. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Mùízù, ó ké, “Ọmọ mi!” ní Faransé, ó sì fi ọ̀pá gbá a ní ìdí.

Màmá Hàjàrá fojú wọn ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ṣé orogún rẹ nìyí, Wàsílátù? Ọlọ́run ṣeun. Èmi ni mo rí ẹgbẹ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ mú Wàsílátù, ó gbé e mì. Mùízù sì ti fà á sẹ́yìn ilé, òógùn ń bò ó.

“Páìpù náà ò sí lórí òkè! Nínú abọ́ ló wà! Wọn ò gbọdọ̀ rí i níbí.”

“Ṣé o fẹ́ kí n gbé e lọ?”

“Ẹsẹ̀ rẹ yá ju tèmi lọ. Màá fún wọn lómi, màá bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Ìwọ? Sọ̀rọ̀?” Wàsílátù ti wé páìpù náà mọ́ ìró.

Ọ̀rọ̀ tí Mùízù bá wọn sọ lọ́jọ́ náà, n kò rò pé ó tún ní òmíràn tó kù nínú rẹ̀ láyé. Ó ṣàlàyé iṣu. Ó ṣàlàyé ebè. Ó mú wọn lọ wo fèrèsé ilé mi, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a wá rọra gòkè pẹ̀lú wọn, Wàsílátù ti jókòó sórí àpáta, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó wá ṣeré.

Madáàmù Sárà wá páìpù náà. Ọkọ rẹ̀ wá a. Wọ́n gbé pọ́tábù sókè, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tu ewé. Kò sí nǹkan kan. Mùízù, ẹni tó ṣe é, ẹni tó mọ ibẹ̀ bí ẹní rẹ̀, yọ́ lọ sí ibi tó máa ń fi í sí. Ó tẹ̀, ó wò, ó dìde. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Fàdílà,” ó rọra sọ ọ́ ní Yorùbá, “ṣé o gbé e wá?”

“Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?”

Mo rí i lójú rẹ̀ bí ìfurasí tó wà lójú Wàsílátù láti ọjọ́ èèmọ́ ṣe wọ inú rẹ̀. Wàsílátù náà rí i. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀.

Madáàmù Sárà ló rí i nígbẹ̀yìn. Ibi tó máa ń wà náà ló wà, àmọ́ Wàsílátù ti bu ìgbẹ́ ẹyẹlé, ó ti pò ó mọ́ omi, ó ti fi kùn ún láti orí dé ìdí, kó má bàa mọ́ ju àwọn òkúta yòókù lọ mọ́. Obìnrin arúgbó náà gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ di funfun, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣí ìwé láti kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ kan ti wà níwájú tirẹ̀. Kéwú ni wọ́n fi kọ ọ́, láti ọ̀tún sí òsì, lẹ́tà tó tóbi, tó dúró gbọn-in. Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ ọ́. Madáàmù ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wàsílátù ní kí Mùízù kà á, Mùízù kà á. Madáàmù gba pẹ́ńsù, ó ya òdòdó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Sémìjàn méjèèjì padà sí Tchamba. Kò sẹ́ni tó gun èyíkéyìí lọ sí Bago. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Mùízù lọ sí gáà. Wọ́n ní Àbdùlàhí gbọ́ ọ tán, ó bèèrè pé kí ni wọ́n ń rí jẹ nínú eré náà, Mùízù sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí Mùízù bá fẹ́ lọ pààrọ̀ ìrẹsì, kì í jáde láìsọ ọ́. Ó ti kọ́ ọgbọ́n. Ó ń dúró láàárín ọ̀nà, lójú ọjà, ó ń ké pe ìyàwó rẹ̀ nídìí èlùbọ́: “Ìyá Fàdílà, mo ń gòkè o!” Wàsílátù á ní, “Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́.” Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ọjà ti mú èébú wọn. Wọn ò gbà pé ìrẹsì àti pẹ́ńsù nìkan ló ń gbé ọkùnrin gòkè. Wọ́n ní nǹkan mìíràn á wà níbẹ̀. Èmi náà, kí Ọlọ́run ṣàánú mi, bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo ṣì máa ń wo ṣòkòtò rẹ̀.

Mo rí àpò náà lára ìṣó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi Wàsílátù bóyá kò tíì tú ẹrù rẹ̀ ni.

“Mo ti tú u,” ó ní. “Ìṣó ni mi ò tíì yọ.”